Wọ́dúróòbù Tí Ìbọn Bà Níjà Ore

Ẹni tó ń gbé Ore tí kò mọ igi, òun ló kọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Agbégilódò ní ń jí wa láàárọ̀, ariwo ayùn sọ́míìlì là ń bá sùn. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ níwèé lè dúró lẹ́bàá ọ̀nà Ṣàgámù sí Bìní kí wọ́n máa dárúkọ gẹdú tó ń kọjá: èyí ìrókò, èyí àfàrà, èyí arère. Èmi tíṣà wọn, ìtàn ni mo mọ̀. Ìtàn náà ló sì rán mi lọ ra wọ́dúróòbù ní Odigbo.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ pé èyí tó wà nílé ti ń kú lọ. Irọ́ kọ́. Iyẹ̀ pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Òrùlé jò sí i lẹ́ẹ̀kan báyìí, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú, ilẹ̀kùn kò pa dé mọ́. Ó ní ká lọ bá káfíńtà ní sọ́míìlì kó kan tuntun. Mo ní rárá, nǹkan àtijọ́ ni mo fẹ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa owó kòkó àti àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi kọ́ láti Oǹdó dé Òkìtìpupa, pé inú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ ni ojúlówó wọ́dúróòbù ọ̀gànwó wà tí eruku ń jẹ. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, "Olówó orí mi, aṣọ la fẹ́ kó sí i o."

Bàbá tí wọ́n júwe fún mi kì í ṣe oníṣòwò nǹkan àtijọ́ rárá. Ẹbí wọn fẹ́ tún ilé ṣe, ó sì ń ta ẹrù tó wà níbẹ̀ kí bíríkìlà tó dé. Wọ́dúróòbù náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje, ó pupa rúsúrúsú, wọ́n gbẹ́ òdòdó sí i lórí. ₦90,000 ni bàbá pè é. Ká ní mo sanwó nígbà yẹn ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fọwọ́ pa á lára, mo sì la ẹnu.

"Bàbá, èyí ti pẹ́ o."

"Ó ti pẹ́."

"Àbí àwọn Àgùdà ló kàn án?"

Bàbá wo wọ́dúróòbù, ó wo èmi náà. "Àwọn Àgùdà," ó ní.

Kí ló kù? Mo ṣàlàyé fún un bí àwọn Àgùdà ṣe ti Brazil padà wá sí Èkó, bí wọ́n ṣe mọ iṣẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà tó, bó ṣe jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Bàbá ń mi orí. Ó gbé àga fún mi. Nígbà tí mo fi máa sọ̀rọ̀ dé orí irú òdòdó tí wọ́n fẹ́ràn láti máa gbẹ́, ó ní òun kò tíì parí èrò lórí iye tí òun máa tà á.

Àsìkò yẹn ni mo rí ihò. Ọ̀kan wà lára ilẹ̀kùn ọ̀tún, ọ̀kan lára ti òsì, wọ́n dọ́gba, wọ́n rí róbótó, ìka mi tó kéré jù gba inú wọn. Àyà mi já.

Ẹni tó bá gbé Ore rí á mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ 1967 ni ọmọ ogun Biafra sọdá odò Ọya wọ Midwest, Victor Banjo, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ló ṣáájú wọn, Èkó ni wọ́n sì dojú kọ. Ore ni ìrìn náà pin sí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án, ìjọba àpapọ̀ ti gba Bìní padà. Àwa tí wọn ò tíì bí nígbà náà, àṣà ọ̀rọ̀ la jogún: ó le kú, ìjà Ore! Mo ti kọ́ ọmọ bíi mélòó ní ìtàn yìí láìfọwọ́ kan nǹkan kan tó bá a níbẹ̀ rí.

"Bàbá, ṣé ojú ọta kọ́ rèé?"

Bàbá dákẹ́. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó tún un dé. "Tíṣà," ó ní, "ẹ̀yin náà ti rí i."

Ó pè é ní ₦200,000. Mo ná an dé ₦180,000, mo sì ń bá ara mi yọ̀ pé ọjà gbóná lọ́wọ́ mi.

Bó ṣe yẹ kí n dákẹ́ báyìí ni mo rántí òfin. Òfin tí ìjọba ológun ṣe ní 1979, èyí tó dá àjọ tó ń mójú tó mùsíọ́ọ̀mù sílẹ̀, ka iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa rà á bó ṣe wù ú. Bí Àgùdà bá kàn án, ṣé kò ní ṣáájú 1918? Mo sọ fún bàbá pé ká má gbé e lọ́sàn-án. Ó ní alẹ́ náà dára.

Báyìí la ṣe dá wọ́dúróòbù dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù, a fi tapólì bò ó, a fi okùn dì í. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin tó bá mi gbé e jókòó tì í lọ́tùn-ún lósì. Mo ti kìlọ̀ fún wọn pé wọn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Èmi jókòó sí iwájú, mo káwọ́ lérí nítorí owó tó jáde lápò mi. Kí ọkọ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, màmá tó ń gbé yàrá kejì sí wa ti figbe ta. Onílé jáde, ó di ọwọ́ mi mú.

"Tíṣà, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ṣé àgbà ni?"

Ó yà mí lẹ́nu pé ó ti gbọ́. "Àgbà ni o," mo ní. "Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Níbo lẹ fẹ́ gbé wọn sí?"

"Yàrá wa ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Onílé jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. "Ìyàwó yín gbà?"

"Kí ló dé tí kò ní gbà? Aṣọ rẹ̀ ló fẹ́ kó sí i nínú."

Wọ́n ti to bẹ́ǹṣì síta kí ìyàwó mi tó jáde wá tú tapólì. Mi ò fẹ́ sọ ohun tó sọ.

Wọ́dúróòbù gba ẹnu ọ̀nà, ó há sí kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ti wọn gíga rẹ̀, mo ti wọn yàrá. Kọ̀rọ̀ tí a máa gbé e gbà ni mi ò wọ̀n. Ibẹ̀ ló sùn, tí gbogbo ayálégbé ń fi ẹ̀gbẹ́ kọjá lára rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ìyàwó mi lọ pe káfíńtà tó ti fẹ́ bá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀.

Baba káfíńtà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní èyí tó jẹ́ àtijọ́ lóòótọ́ tó ga tó báyìí, ṣe ni wọ́n máa ń tú u: orí ń ṣí kúrò, ẹ̀gbẹ́ ń yọ, torí àwọn tó kàn án mọ̀ pé yóò gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Tèmi, ìṣó ni wọ́n kàn mọ́ ọn látòkè délẹ̀. Ó fa dúróọ̀ yọ, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, ó ní kò sẹ́ni tó ń náwó fáníìṣì síbi tí ojú kò tó. Ó fi ọ̀bẹ ha á díẹ̀. Lábẹ́ àwọ̀ pupa yẹn, igi náà funfun bí iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ.

"Mẹlína ni," ó ní.

Mẹlína! Igi tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Éṣíà, tí wọ́n gbìn lọ rẹrẹ sí igbó ọba Oluwa níbí àti Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, pé wọ́n á máa fi ṣe ìwé ní Ìwópin. Mo mọ ìtàn yẹn pàápàá. Ọ̀gànwó, tí à ń bó èèpo rẹ̀ sínú àgbo, pupa wọnú ni; èmi ti mu àgbo rẹ̀ láìmọye ìgbà, ara igi rẹ̀ ni mi ò mọ̀. Baba ní mẹlína tó bá tiẹ̀ wà nígbó Oluwa nígbà ìjà Ore kò tíì lè la pákó tó fẹ̀ tó èyí. Ká má wá sọ ti Àgùdà.

Mo ní ojú ọta ńkọ́? Ó tẹ̀ síwájú.

"Ó wọlé níhìn-ín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó jáde níhìn-ín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ilẹ̀kùn méjèèjì ló kọjú síta, tíṣà. Ọta yìí wọlé, kò rí aṣọ tó wù ú, ló bá padà síta."

Ó fi èékánná yọ nǹkan jáde nínú ihò kan, ó fi hàn mí: ìpáàrà. Nísàlẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan, fáníìṣì ti bó, igi ti jẹ wọnú díẹ̀, ó tẹ̀ kọrọdọ. Ibi tí ṣéènì ti ń ha á nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló bàjẹ́ nígbà kan, ni wọ́n bá lu ilẹ̀kùn méjèèjì, wọ́n ki ṣéènì bọ̀ ọ́, wọ́n fi àgádágodo tì í.

Baba fi ayùn gé orí òdòdó kúrò, ẹrù náà wá wọ yàrá. Kí n má parọ́, wọ́dúróòbù náà kò burú. Ó lágbára, kò rùn, ikán kò tíì rí i. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ṣeé tún ṣe ṣá o, nítorí náà ìyàwó mi ra ṣéènì tuntun.

Ọ̀rẹ́ onílé wa kan wá kí wa láìpẹ́ yìí, àwọn tí a jọ gbé bẹ́ǹṣì wọlé lálẹ́ ọjọ́sí ló sọ fún un. Ó ní òun fẹ́ rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ihò.

"Tíṣà, ojú ọta rèé?"

"Rárá o. Ṣéènì ni."

Ó wo ṣéènì, ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ó yé mi. Ẹ fi ṣéènì bò ó. Òfin kúkú wà." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó dá ₦250,000 lé e.

Mo ti la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ mẹlína fún un. Ìyàwó mi ti ilé ìdáná yọ, ó gbé àga fún un.