Aṣálẹ̀ Orí Pákó: Ìwádìí Lórí Iyanrìn, Eruku Ọyẹ́ àti Ọkọ̀ Ogun Kan

Kókó tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá fẹ́ kọ́ aṣálẹ̀ kékeré fún ọkọ̀ ogun kékeré, kó má fi iyanrìn kọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le létí. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí, bí a bá ti to ọkọ̀ oníke náà tán, tí a kùn ún, tí ọ̀dà rẹ̀ gbẹ, ohun tó kàn lójú wa ni ká bu iyanrìn, ká fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, ká gbé ọkọ̀ lé e. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni Chevrolet ti Long Range Desert Group, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Ralph Bagnold dá sílẹ̀ ní Íjíbítì lọ́dún 1940 láti máa yọ́ rìn lẹ́yìn àwọn ọ̀tá nínú aṣálẹ̀ Líbíà. Láti àwọn ọdún 1970 ni Tamiya ti Japan ti ń ta ike ọkọ̀ yìí ní ìwọ̀n 1/35. Mo gba iyanrìn lọ́wọ́ bíríkìlà kan, mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mo fi asẹ́ kù ú lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo parí, ọmọ àbúrò mi, tí kò tíì pé ọdún mẹ́sàn-án, bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó wò ó títí.

“Dádì Ṣọlá, kí ló dé tí wọ́n ń wa ọkọ̀ lórí òkúta?”

“Iyanrìn nìyẹn.”

“Ó ti tóbi jù, sà.”

Ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀. Ní ìwọ̀n 1/35, ọmọ ogun tó ga ní mítà 1.75 á di sẹ̀ǹtímítà 5. Hóró iyanrìn inú òkìtì aṣálẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà 0.25. Bí a bá gbé hóró yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ ogun oníke náà, lójú tirẹ̀ ó ti fẹ̀ ní ìlọ́po 35, ó ti sún mọ́ mìlímítà 9: ẹyọ ẹ̀wà kan gbáko. Iyanrìn bíríkìlà tèmi, tí ọ̀pọ̀ hóró rẹ̀ tó mìlímítà kan, di sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àbọ̀. Àgbálùmọ̀ wẹ́wẹ́ ni mo tẹ́ sílẹ̀ fún wọn láti máa wakọ̀ lé lórí.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa ìwọ̀n 1/35 fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìgbìmọ̀ kan ló jókòó yàn án. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Tamiya ṣe ọkọ̀ ogun Panther ti Jámánì tó ń fi mọ́tò rìn. Wọ́n ní láti rí àyè fún bátìrì nínú rẹ̀, bátìrì yẹn ló sì pinnu bí ọkọ̀ náà ṣe tóbi tó. Lẹ́yìn tó tà dáadáa ni wọ́n tó wọ̀n ọ́, wọ́n rí i pé ó jẹ́ 1/35, wọ́n sì dì í mú. Lónìí, òun ni ọ̀pọ̀ jù lọ wa kárí ayé fi ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe àbùkù rárá. Ìwọ̀n tí gbogbo ènìyàn bá ti fi ẹnu kò sí, a lè fi ṣe ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá yí ìṣirò náà padà. Bí a bá pín mìlímítà 0.25 sí ọ̀nà 35, ohun tó ṣẹ́kù jẹ́ nǹkan bíi méje nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Níbo ni ènìyàn ti lè rí iyanrìn tó kéré tó bẹ́ẹ̀? Ọdún méjì ni mo fi wá a. Mo gbìyànjú ẹfun tí mo lọ̀, mo gbìyànjú eérú. Ẹfun ń dán lábẹ́ iná, eérú ń dúdú bí omi bá kàn án. Lọ́jọ́ kan ní oṣù kìíní, mo ń fi àkísà nu ojú fèrèsé ilé mi n’Íbàdàn, mo wo àkísà náà, mo sì jókòó.

Ọyẹ́ ni. Eruku tí a ń bú lọ́dọọdún, tó ń bo mọ́tò, tó ń la wá létè, aṣálẹ̀ ló ti wá. Bodélé, ní àríwá Chad, ni orísun eruku tó tóbi jù lọ láyé. Ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan ni tẹ́lẹ̀, adágún Chad tí a mọ̀ lónìí ló ṣẹ́kù lára rẹ̀. Nígbà tí omi gbẹ, ìkarahun àwọn ohun abẹ̀mí inú omi tí ojú lásán kò lè rí ló kù sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun, afẹ́fẹ́ tó ń gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi kọjá sì ń gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Èyí tó wúwo nínú rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Èyí tó ń dé ìhà gúúsù kò ju ẹyọ mélòó kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà lọ. Ìwọ̀n tí mo ń wá gan-an nìyẹn. Ẹ̀fúùfù ti kù ú fún mi láti ọ̀nà jíjìn, kò sì gba kọ́bọ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kó o. Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé tó kọjú sí àríwá ìlà-oòrùn ni mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbálẹ̀, kí eruku ilé má bàa dà pọ̀ mọ́ ọn. Odidi àsìkò ọyẹ́ kan kì í fún mi ju ìdajì agolo mílíìkì lọ. Àwọ̀ rẹ̀ ràn díẹ̀, ó fẹ́ jọ eérú, bẹ́ẹ̀ iyanrìn Líbíà pọ́n jù ú lọ. Nítorí náà, mo máa ń lọ ilẹ̀ pupa kúnná, mo ń kù ú, mo sì ń fi ìwọ̀n ṣíbí tíì kan pò ó mọ́ ìdajì agolo náà.

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Kò tíì parí, ọjà Bódìjà ni mo sì ti mọ ìdí rẹ̀. Ẹ wo ìyá oní-gààrí nígbà tó bá ń wọn kóńgò. Ó ń bù ú lé e, orí rẹ̀ ń ṣe ṣóńṣó, ó dé ibì kan, gààrí kọ̀: ẹ̀kúnwọ́ tó bá tún dà lé e, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà yọ̀ wálẹ̀. Ìdagẹ̀rẹ́ ibi tó ti kọ̀ yẹn ni òkìtì iyanrìn rọ̀ mọ́. Fún iyanrìn gbígbẹ, ó wà láàárín dígírì 32 sí 34. Ohun tó ṣì ń yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀kún kóńgò kan àti òkìtì tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, ìdagẹ̀rẹ́ kan náà ni wọ́n ń ní. Gígùn ń kéré, ìbú ń kéré, ìdagẹ̀rẹ́ kì í kéré.

Ṣùgbọ́n ẹ yà sọ́dọ̀ oní-èlùbọ́ tó jókòó tì í. Èlùbọ́ kì í yọ̀ bíi gààrí. Ó ń dì mọ́ra, ẹ lè fi ṣíbí gé e bí ògiri, kó sì dúró. Hóró tó bá ti kéré tó bẹ́ẹ̀, ìwúwo rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbára tó ń fà á mọ́ èkejì rẹ̀. Ọmọ ìyá èlùbọ́ ni eruku ọyẹ́. Ó tọ́ ní ìwọ̀n, ìwà rẹ̀ ni kò bá ti iyanrìn mu. Bí ẹ bá dà á jọ, ẹ kò ní rí òkìtì, gegele ni ẹ máa rí. Nítorí náà, a ní láti kọ́kọ́ gbẹ́ ìrísí ilẹ̀ náà sára nǹkan mìíràn, kí eruku wá jẹ́ awọ rẹ̀.

Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣàn sínú páálí ni mo ń gé ṣe òkè, POP tí àwọn tó ń ṣe àjà ilé ń lò ni mo ń tẹ́ lé e. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ fi bírò fa ọfà kan sí ẹ̀yìn pákó: ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ. Gbogbo nǹkan tó kù, ọfà yẹn ni wọ́n ń tẹ̀lé. Ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gùn jẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi dígírì 10 sí 15, ẹ̀gbẹ́ kejì sì dà gẹ̀rẹ́ ní 33. Mo gé páálí kan sí igun yẹn, òun ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbì wínníwínní tó wà lójú iyanrìn máa ń jìnnà síra tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 14 ní aṣálẹ̀, tiwa á jẹ́ mìlímítà 2 sí 4, wọ́n á sì dábùú ọfà. Mo ti rí àwọn tó fi òòyà ya á. Òòyà kì í ṣe àṣìṣe, bẹ́ẹ̀ ìgbì iyanrìn ń ya bí ẹ̀ka igi, méjì ń pàdé di ọ̀kan, ọ̀kan ń parẹ́ láàárín. Búrọ́ọ̀ṣì líle tí irun rẹ̀ ti já ló dára jù, kí ọwọ́ sì yá kí POP tó dì.

Bagnold tó dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun yẹn sílẹ̀ náà ló kọ́ wa ní ìwà iyanrìn. Ó ti fi ọkọ̀ Ford la aṣálẹ̀ Líbíà kọjá kí ogun tó dé, nígbà tó padà sílé ó kọ́ ihò afẹ́fẹ́ kan láti fi wo bí iyanrìn ṣe ń rìn, ìwé rẹ̀ lórí rẹ̀ sì jáde ní 1941, nígbà tí ogun ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ó fi hàn pé iyanrìn kì í fò bí eruku. Ńṣe ló ń ta pọ́ún-pọ́ún, ó ń balẹ̀, ó ń ta èyí tó wà nílẹ̀ sókè, kì í sì í ga. Ènìyàn lè dúró nínú ìjì iyanrìn kí orí àti èjìká rẹ̀ wà lókè rẹ̀ kedere. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń fi bébà iyanrìn ha ọ̀dà ọkọ̀ rẹ̀ látòkè délẹ̀ ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bọ́ńpà, ẹsẹ̀ táyà, abẹ́ ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni iyanrìn ń jẹ. Ohun tó ga ju sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ lọ lára ọkọ̀ kékeré wa, oòrùn ló ni ín, kì í ṣe iyanrìn.

Ní ti ìpẹtà, ẹ ṣọ́ra. Imperial War Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ní Chevrolet kan tí ẹgbẹ́ Bagnold fi sílẹ̀ ní Líbíà, tí wọ́n rí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn kò tún un kùn. Arẹwà ni, gbogbo ara rẹ̀ pọ́n. Àmọ́ nǹkan bí ogójì ọdún ló lò níbẹ̀. Ọkọ̀ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní 1942 kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Ìwúwo ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ọkọ̀ oníke fúyẹ́ bí ewé, bí a bá gbé e lé ilẹ̀ ó máa ń dúró bí òjìji. Kí POP tó le, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Wọ́n máa ń dín afẹ́fẹ́ táyà kù kó lè fẹ̀ lórí iyanrìn, nítorí náà ipa rẹ̀ á fẹ̀, kò ní jìn. Ẹ há irin gbọọrọ méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ táyà tó bá rì: mítà kan àbọ̀ ni tòótọ́, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin àti díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ má gbàgbé agolo tí wọ́n fi rọ́bà so mọ́ ràdíétọ̀, tó ń gba ooru omi tó bá hó kó má ṣòfò. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni kọ́ńpáàsì oòrùn, nítorí irin ọkọ̀ máa ń ṣi kọ́ńpáàsì lásán lọ́nà. Àwo róbótó kan ni, abẹ́rẹ́ dúró láàárín rẹ̀, òjìji abẹ́rẹ́ ni awakọ̀ ń tẹ̀lé. Tèmi kò ju orí ìṣó lọ, irun búrọ́ọ̀ṣì kan ni abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bí mo bá gbé iná tábìlì sí apá òsì, òjìji náà ń bọ́ síbi tó yẹ.

Eruku ló kẹ́yìn. Mo ń fọ́n sípíríìtì sí POP, mo ń fi ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó ti gbó ku eruku lé e, mo ń kán gọ́ọ̀mù káfíńtà tí mo fi omi là, pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ olómi, sí etí ibẹ̀ kó máa fà wọlé fúnra rẹ̀. Gọ́ọ̀mù ń jẹ́ kí àwọ̀ ṣú, nítorí náà ìpele tó kẹ́yìn kì í gba gọ́ọ̀mù rárá. Pákó mi kejì bu ní oṣù keje, nítorí mi ò jẹ́ kí POP gbẹ dénú kí n tó bò ó: ewú funfun hù sórí òkìtì, mo sì ní láti ha gbogbo rẹ̀ dànù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ń fún un báyìí.

Ní January 1941, àwọn ọkọ̀ ẹgbẹ́ yìí bá àwọn Faransé Olómìnira tó wá láti Chad pàdé, wọ́n jọ kọlu ìlú Murzuk ní Líbíà. Àsìkò ọyẹ́ ni, Chad tí eruku mi ti wá sì ni. Ní January tó kọjá, mo gbé pákó kẹta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ṣí gíláàsì rẹ̀, mo kọjú ọfà rẹ̀ sí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, eruku ti bo ipa táyà ẹ̀yìn títí dé ìdajì. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì láti gbá a kúrò, mo tún gbé e sílẹ̀.