Ìbọn Buffalo Bill Tí Mo Rà ní Riverdale

Ọdẹ ni bàbá mi àgbà, ṣakabùlà rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ tàsé. Èmi ò pa ẹran kankan rí, àfi èyí tí wọ́n ti gé sínú ọ̀rá fún mi ní ìsọ̀. Ó kéré tán, mo ní kí n ní ìbọn tó ní ìtàn.

Ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń fi ẹrù dógò ní Highway 85, ní Riverdale nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni mo ti rí i: Winchester 94, ìbọn ọdẹ tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti irin abẹ́ rẹ̀ síwájú, tó sì fà á padà, èèpo ọta á fò jáde, ọta mìíràn á wọlé. Àwọn irin kan lára rẹ̀ ń dán gbinrin. Wọ́n kọ ọ́ sí ọrùn rẹ̀ pé: "W. F. Cody, Chief of Scouts." Àyà mi là. Cody yìí ni Buffalo Bill, tó kó àwọn eléré rẹ̀ dé London lọ́dún 1887; òun ló fọwọ́ sí i! Mo panu mọ́ kí ọlọ́jà má baà fowó lé e. Nígbà tí mo ń kọ fọ́ọ̀mù 4473 tí ìjọba ń béèrè, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bíi ti ọ̀daràn.

Dídán yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Ìbọn àgbà kì í dán báyẹn. Oníbàjẹ́ kan ló lọ fi irin funfun bo àwọn irin yẹn. Mo mú kànrìnkàn onírin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í há wọn. Ìyàwó mi yọjú: "Olówó orí mi, ìkòkò ẹ̀wà tó jóná náà wà ńbẹ̀ o." Mo ní ìwádìí ni mò ń ṣe.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa péjọ, Buffalo Bill nìkan ò tó mi mọ́. Mo ní irú ìbọn yìí gan-an ni Èkìtìparapọ̀ rà láti Èkó tí wọ́n fi kojú Ìbàdàn ní ogun Kírìjì. Àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Àbúrò, ọdún wo ni wọ́n gbé e jáde?"

"1894, bàbá. John Browning ló ṣe é."

"Ọdún 1893 làwọn ológun tú ká ní Kírìjì. Ṣé ó wá bá wọn palẹ̀ àgọ́ mọ́ ni?"

Mo fi Kírìjì sílẹ̀, mo di Buffalo Bill mú. Mo gbé ìbọn náà lọ bá òyìnbó arúgbó kan tó ń kó irú rẹ̀ jọ. Ó rí ibi tí mo há, ó jókòó. Ó wá fi ìka tọ́ ohun tí wọ́n kọ sára ìbọn náà, tí mi ò fiyè sí: fún ìrántí Buffalo Bill ni. Ọdún 1968 ni Winchester ṣe wọ́n, ó lé ní 100,000. Buffalo Bill fúnra rẹ̀ ti kú láti 1917. Ilé iṣẹ́ ló tẹ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ilé iṣẹ́ náà ló fi irin funfun bo àwọn irin kan lára rẹ̀. Èyí tó ń mówó wá lára rẹ̀ ni mo há dànù yẹn.

Mo ní ṣé kí n kọ̀wé sí mùsíọ́mù tó wà ní Cody, ní Wyoming, níbi tí ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ Winchester wà. Ó ní àwọn ìwé yẹn ò dé 1968.

Ìtàn ìbọn náà kò kúkú ṣòro. Wọ́n ṣe é fún ẹni tí kò ní pa ẹran, tó máa gbé e kọ́ ògiri, tó máa máa purọ́ fún àlejò. Èmi ni wọ́n ń retí ní New Haven, níbi tí wọ́n ti ṣe é, láti 1968.

Ó ti wà lára ògiri báyìí. Bí àlejò bá béèrè, Kírìjì ni mò ń sọ fún un, bí kò bá ṣáà ti ṣiṣẹ́ tíṣà rí.