Ta Ló Sọ Fún Wọn?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ sún mọ́ ibí, ẹ má jẹ́ kí lándílọ́ọ̀dù gbọ́. Mo mọ̀ pé olófòófó lẹ ń pè mí lẹ́yìn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n òfófó tèmi ní òfin. Ẹni tó bá wá sọ fún mi pé ìyàwó ẹnì kan kó ẹrù jáde lóru, màá bi í pé: ta ló sọ fún ẹ? Ojú ta ló ṣe? Ọkọ̀ wo ló fi kó o? Bí kò bá rí èsì fọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní gba ẹnu mi kọjá. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n òyìnbó tí mo fẹ́ ròyìn wọn yìí, wọn ò bi ara wọn ní ìbéèrè kan ṣoṣo yìí.

Ẹ rántí ìgbà Kòrónà. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn oníṣègùn kan ní Marseille, nílẹ̀ Faransé, tí Didier Raoult jẹ́ ọ̀gá wọn, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde pé hydroxychloroquine ń lé kòkòrò Kòrónà kúrò lára. Ọmọ ìyá chloroquine ni, oògùn ibà àtijọ́ tó ń mú kí àgbàlagbà máa fi ẹ̀yìn ha ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lò ó lẹ́ẹ̀kan, òòyà irun ló fi họ ara di ilẹ̀ mọ́. Inú rẹ̀ dùn nígbà tí Nàìjíríà pa á tì ní 2005 tí wọ́n ní ká máa lo oògùn alápapọ̀ tí wọ́n ń pè ní ACT. Kí ni mo tilẹ̀ ń sọ bọ̀? Ẹ̀n-ẹ́n, Marseille.

Ọjọ́ 16, oṣù kẹta ni àpilẹ̀kọ náà dé ọ̀dọ̀ ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ọjọ́ 17, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ọjọ́ kan! Aṣọ Iléyá èṣí mi ṣì wà lọ́dọ̀ télọ̀. Olóòtú àgbà ìwé yẹn fúnra rẹ̀ tún wà lára àwọn tó kọ ọ́. Wọ́n ní kò lọ́wọ́ sí yíyẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbọ́.

Ibi tó dùn jù rèé. Èèyàn 26 ni wọ́n fún lóògùn. Nígbà tí wọ́n ṣírò, 20 ló kù. Mẹ́fà dà? Mẹ́ta ti dèrò yàrá àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Ọ̀kan kúrò ní ọsibítù. Ọ̀kan ní inú ń rú òun, kò lò ó mọ́. Ọ̀kan kú. Wọ́n yọ gbogbo wọn kúrò nínú ìṣirò! Bí alásè bá bọ́ èèyàn 26 níbi ìnáwó, tí ọ̀kan kú, tí mẹ́ta ń pọ̀kàkà ikú, ṣé ó máa wá sọ fún wa pé gbogbo àwọn tó jẹun tán ló yin ọbẹ̀ òun?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ sígboro. Donald Trump gbé e sórí Twitter. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn, àwọn kan ti gbé chloroquine mì ní Èkó títí wọ́n fi dèrò ọsibítù, NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, sì ń pariwo pé ká yé dá ara wa lóògùn.

Ó wá ku ẹgbẹ́ kejì. Ní ọjọ́ 22, oṣù karùn-ún, The Lancet, ìwé àwọn oníṣègùn ní London tó ti wà láti 1823, gbé tirẹ̀ jáde: àwọn tó ń lo oògùn yìí ń kú ju àwọn tí kò lò ó lọ. Aláìsàn 96,032, ọsibítù 671! Nígbà tó fi di ọjọ́ 25, àjọ ìlera àgbáyé ti dá ìdánwò oògùn náà dúró.

Ta ló sọ fún wọn? Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Surgisphere, tó ní àkọsílẹ̀ gbogbo ọsibítù yẹn wà nínú kọ̀ǹpútà òun. Ìwé ìròyìn The Guardian lọ wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan, ó jọ pé òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ni. Ìkejì, irú fọ́tò tó ń yà... ọmọdé wà níbí, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Àpilẹ̀kọ náà ní èèyàn 73 ló kú ní Australia, nígbà tí iye tí gbogbo ayé mọ̀ di ọjọ́ tí àkọsílẹ̀ wọn parí sí jẹ́ 67. Wọ́n ní ọsibítù kan ní Éṣíà ló ṣèèṣì bọ́ sábẹ́ Australia. Ti Áfíríkà ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Àwọn onímọ̀ tó lé ní 100 kọ lẹ́tà pé bí iye tí wọ́n kọ fún Áfíríkà bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo aláìsàn Kòrónà Áfíríkà tó wà nínú kọ̀ǹpútà Surgisphere. Áfíríkà wo? Èyí tí wọ́n ti ń wá káàdì mi ní ọsibítù láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí?

Wọ́n ní kí Surgisphere kó àkọsílẹ̀ wá, ó kọ̀. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹfà, mẹ́ta nínú àwọn mẹ́rin tó kọ ọ́ yọwọ́, Lancet sì fagi lé e. Ọjọ́ 13 péré. Bí wọ́n bá fagi lé àpilẹ̀kọ, wọn kì í sun ún níná o. Ó máa wà níbẹ̀, wọ́n á kàn lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn lójú.

Lancet yìí náà ló gbé ti dókítà Andrew Wakefield jáde ní 1998, pé abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR tí wọ́n ń fún ọmọdé fẹ́ bá autism, ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ, tan. Ọkùnrin tó gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ọmọ níbi ọjọ́ìbí ọmọ rẹ̀, tó fún wọn ní pọ́n-ùn márùn-ún márùn-ún! 2010 ni wọ́n tó fagi lé e pátápátá. Àwọn ìyá ti sá fún abẹ́rẹ́ tipẹ́.

Ní ọjọ́ kejì ìfagilé ti Surgisphere, àwọn olùṣèwádìí RECOVERY ní Britain, tí wọ́n fi aláìsàn tó lé ní 4,600 ṣe ìdánwò hydroxychloroquine, kéde pé kò wo Kòrónà rárá. Ẹgbẹ́ Marseille ńkọ́? Ọjọ́ 17, oṣù kejìlá 2024 ni wọ́n tó fagi lé tiwọn, nítorí pé kò dájú pé wọ́n gba àṣẹ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo aláìsàn, àti nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Mẹ́ta lára àwọn tó kọ ọ́ ti ní àwọn ò bá wọn ṣe mọ́. Àwọn onímọ̀ mìíràn sì ti tọ́ka sí i ju ìgbà 3,000 lọ.

Ní tèmi, ọjọ́ 13 ti Lancet ṣì ṣeé gbà. Ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́sàn-án ti ìwé tó gbé ti Marseille jáde, ìwà àìbìkítà gbáà ni, ẹ má bá mi wá àwáwí kankan fún wọn.