Ẹ Mánéèjì Òòbẹ̀

Bí a kò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Àwọn tó pa òwe yìí ti wọ igbó kí wọ́n tó sọ̀rọ̀; wọ́n wá àdán títí, wọn ò rí i ni. Àwa ti òde òní kì í wá nǹkan kan. Òòbẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀, a sì ti yá ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan tí a fi ń wúre lé e lórí: mánéèjì.

Ẹ dé ibùdókọ̀ ní Ìkàrẹ́ kí ẹ wá gbọ́ ọ. Ẹni méjì ni awakọ̀ kó sórí àga kan ṣoṣo níwájú, mẹ́rin ló há sẹ́yìn. "Mọ́mì, ẹ bá wa sún díẹ̀, ẹ mánéèjì ẹ̀. Ṣebí Ọ̀kà náà nìyẹn?" Màmá sún, ìdí kan wà lórí àga, ìkejì wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣéńjì tí wọ́n fún un ti ya sí méjì, sẹ́lótéèpù ló so ó pọ̀. Ẹ mánéèjì ẹ̀. Adágún omi Awárà wà nílùú, omi ẹ̀rọ ò yọ. Ẹ mánéèjì kànga.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà ò lò ó báyìí. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ítálì ni Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ẹṣin ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń mánéèjì. Ọwọ́ ló ti ṣẹ̀ wá, ọwọ́ tó di ìjánu mú ṣinṣin: ènìyàn ń pàṣẹ, ẹṣin ń gbọ́. Lóòótọ́, Òyìnbó náà máa ń lò ó fún ohun tó fi agbára káká ṣe, àmọ́ ó ti ṣe é ná. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹ bá ti gbọ́ mánéèjì, ẹ mọ̀ pé wọn ò ní í ṣe é mọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìjánu yìí gan-an ló ká mi lára. Ọ̀nà Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà gba Akùngbá kọjá, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì ni. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan sọ ìjánu nù lẹ́nu ọ̀nà Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, ó ya wọ ṣọ́ọ̀bù, ó pa èèyàn, akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn. Síbẹ̀, ẹ béèrè ìjánu ọkọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ lónìí, kí ẹ gbọ́ èsì: "À ń mánéèjì ẹ̀."

Àwọn tí àdán wà nínú àpò wọn ló wá burú jù. Ọ̀gá tí ọmọ rẹ̀ ń kàwé ní Kánádà ló ń ní kí olùkọ́ wa mánéèjì kíláàsì tí atẹ́gùn ti ṣí òrùlé rẹ̀. Ẹni tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í sùn ló ń ní ká mánéèjì òkùnkùn. Bí ìbò bá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, á gun òkè wá bá wa l'Ọ́kà, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní ká fún òun ní ọdún mẹ́rin sí i. Ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kí ìyá arúgbó kan dìde láàárín èrò, kó ní: "Ọmọ mi, mánéèjì mẹ́rin tó o ti lò."