Pòtétò Kò Tan Gílóòbù

Pòtétò, tí àwọn mìíràn ń pè ní ànàmọ́ òyìnbó, ti orí òkè Andes wá, ní agbègbè adágún Titicaca láàárín Peru àti Bolivia. Ó ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń gbìn ín. Wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sí ìta lóru kí òtútù òkè mú un gan, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ omi inú rẹ̀ dànù, wọ́n á sì sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Chuño ni orúkọ rẹ̀, ó sì lè wà nínú àká fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn ará Spain ni wọ́n gbé pòtétò dé Yúróòpù ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn ènìyàn kò sì tètè gbà á. Àwọn kan ní Faransé gbà pé ẹ̀tẹ̀ ni ó ń fà. Apòògùn kan, Antoine-Augustin Parmentier, tí ó ti jẹ ẹ́ nígbà tí ó wà ní ìgbèkùn lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Prussia, ni ó gbé e lárugẹ níbẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ó gbìn ín sí oko kan ní Sablons lẹ́bàá Paris, ó fi ọmọ ogun ṣọ́ ọ lọ́sàn-án, ó sì ní kí wọ́n máa lọ sùn lálẹ́ kí àwọn aládùúgbò lè ráyè jí i. Ní ilẹ̀ Ireland, ìfẹ́ pòtétò pọ̀ jù. Nígbà tí àrùn wọ oko ní 1845, ìyàn mú títí di 1852, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn kú, àwọn tí ó sì sá kúrò nílùú lé ní mílíọ̀nù kan. Wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ ru pòtétò, bẹ́ẹ̀ irú kan ṣoṣo, Lumper, ni ọ̀pọ̀ tálákà ń gbìn lórí ilẹ̀ háyà tí kò tó nǹkan, ọkọ̀ ojú omi sì ń kó ọkà àti màlúù lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo àkókò náà. Àrùn yẹn kò tíì kú: ó ń yọ àwọn àgbẹ̀ Jos lẹ́nu títí dòní.

Nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, pòtétò kì í dójú ti ẹnikẹ́ni tí ó bá jẹ́ pé áyódíìnì ni wọ́n kán sí i: yóò dúdú kirikiri láti fi hàn pé sítáàṣì wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ ihò sínú rẹ̀, tí wọ́n bu iyọ̀ sínú ihò náà, tí wọ́n sì gbé e sínú omi, omi yóò wọ inú ihò náà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ṣe mọ̀ ọ́n láti ara iṣu. Ṣùgbọ́n bátìrì pòtétò ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Ohun tí bátìrì yìí ń fẹ́ ni pòtétò kan, ìṣó tí wọ́n fi síńkì bò, wáyà bàbà, àti wáyà tí yóò so wọ́n pọ̀. Ìṣó àti bàbà yóò gún pòtétò náà ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọn kò sì gbọ́dọ̀ kan ara wọn nínú rẹ̀. Omi inú pòtétò ní ásíìdì díẹ̀. Ásíìdì yìí ń jẹ síńkì, síńkì ń tú ẹ̀lẹ́kítírónù sílẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírónù sì ń gba orí wáyà kọjá sí ìhà bàbà. Ìlànà kan náà ni Alessandro Volta tẹ̀ lé ní 1800, nígbà tí ó to síńkì àti bàbà léra, tí ó sì fi páálí tí ó rẹ sínú omi iyọ̀ sí àárín wọn. Síńkì ni ó ń san owó iná náà. Pòtétò kàn jẹ́ ọ̀nà ni.

Àpẹẹrẹ bí àfihàn yìí ṣe lè bàjẹ́ pátápátá wáyé ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ní ọjọ́ tí àwọn òbí wá wo iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ wọn. Àlejò pàtàkì ni ẹni tí ó kọ àpilẹ̀kọ yìí, ó sì wọ agbádá. Páálí ohun ìṣeré kan ni ó gbójú lé. Àwòrán ara páálí náà fi gílóòbù kan hàn tí ó ń tàn yòò lórí pòtétò, ọmọdé kan sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò dán an wò nílé. Gílóòbù tọ́ọ̀ṣì ni ó rà sí i, nítorí pé kò sí gílóòbù kankan nínú páálí.

Iná ti lọ láti àárọ̀, àlejò náà sì ka èyí sí oríire. Ó ní kí wọ́n ti fèrèsé kí òkùnkùn lè ṣú, ó sì sọ fún àwọn òbí pé ọ̀rọ̀ owó jẹnẹrétọ̀ ti dópin. Ó kà á dé ẹẹ́ta, ó so wáyà pọ̀. Kò sí nǹkan kan. Ó ní pòtétò náà ṣì ń tijú. Ó fi pòtétò kejì kún un, ó fi ẹ̀kẹta kún un, òógùn bo agbádá. Ọmọ kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Wọ́n ti mú iná pòtétò lọ!” Gbogbo gbọ̀ngàn fi ẹ̀rín sí i.

Bí ó ti tún wáyà so lẹ́ẹ̀kan sí i ni gbọ̀ngàn mọ́lẹ̀ kedere. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àwọn ọmọ fò sókè, àwọn òbí pàtẹ́wọ́, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní kí a fi ìyìn fún Ọlọ́run. Àlejò tẹríba fún wọn lọ́tùn-ún, ó tẹríba lósì. Ó ti ń tẹríba ní ẹ̀ẹ̀kẹta kí ọmọbìnrin kan ní ìlà iwájú tó nawọ́ sí tábìlì.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, tiyín kò tàn o. Iná ìjọba ni wọ́n mú dé.”

Ìdí tí kò fi tàn kò ṣòro. Pòtétò kan lè mú nǹkan bí 0.9 fóòlù wá, nítorí náà mẹ́ta tí a so tẹ̀ léra tó 2.7, èyí sì tó gílóòbù tọ́ọ̀ṣì lójú. Ṣùgbọ́n fóòlù nìkan kọ́ ni gílóòbù ń jẹ. Gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kan lè bèèrè ìṣàn iná 300 mìlí-ámpù, bẹ́ẹ̀ pòtétò kì í sábà mú ju mìlí-ámpù kan lọ wá. Bí ẹ̀rọ tí ó ń fa omi kànga tí ojú ìsun rẹ̀ kéré ni: bí ó ti wù kí a fà á tó, ohun tí ìsun náà bá gbà ni yóò jáde. Fífi pòtétò kún pòtétò lórí ìlà kan ṣoṣo ń fi fóòlù kún fóòlù, ó sì tún ń fi ìdènà ìṣàn iná kún ìdènà. Kí gílóòbù yẹn tó tàn, a óò nílò pòtétò tí ó ju ẹgbẹ̀rún lọ. Ó dà bí ẹni pé ẹni tí ó ya àwòrán ara páálí yẹn kò so wáyà mọ́ pòtétò rí láyé rẹ̀. Wọ́n tà á fún àwọn ọmọdé bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ sì gbà á gbọ́. Ìwà yẹn kò dára rárá.

Ìdènà inú pòtétò ṣeé dín kù. Ní 2010, Haim Rabinowitch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Hébérù ní Jerúsálẹ́mù tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé bí a bá se pòtétò fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, agbára rẹ̀ lè di ìlọ́po mẹ́wàá ti tútù, nítorí pé sísè ń fọ́ ara inú rẹ̀ tí iná fi ń rọ́nà kọjá.

Iná LED pupa kékeré ni ó bá bátìrì yìí mu, nítorí pé ìṣàn tí kò tó mìlí-ámpù kan ti tó o láti tàn fírífírí nínú òkùnkùn. Pòtétò mẹ́ta tí a so tẹ̀ léra tó o: bàbà ti èkíní mọ́ ìṣó èkejì, bàbà èkejì mọ́ ìṣó ẹ̀kẹta. Ẹsẹ̀ LED tí ó gùn jù ni a óò so mọ́ bàbà ẹ̀kẹta, èyí tí ó kúrú mọ́ ìṣó èkíní, nítorí pé bí a bá yí i padà kò ní tàn. Aago kékeré tí kò ní gílóòbù kò tilẹ̀ nílò ju pòtétò méjì lọ.

Lẹ́yìn àfihàn, a kò gbọ́dọ̀ jẹ pòtétò náà, nítorí pé síńkì ti yọ́ sínú rẹ̀. Ìyá olóúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ náà ti kó wọn sínú abọ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un, ó sì bínú gan-an nígbà tí wọ́n gbà wọ́n padà lọ́wọ́ rẹ̀.