Ẹyin Lohùn, Ẹdítọ̀ Yóò Lẹ̀ Ẹ́ Pọ̀

Ariwo tó ń wọ inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni èyí tó ń dún láìdáwọ́ dúró: jẹnẹrétọ̀, fáànù òkè àjà, fíríìjì, ẹ̀rọ ìlọta. Èkejì ni èyí tó ń já wọlé nígbà tó bá wù ú: fèrè ọ̀kadà ní Ọjà Ọba, àkùkọ tó ń kọ lọ́sàn-án gangan, ọmọ aládùúgbò tó ń sunkún, sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì tó kọjú sí fèrèsé onífèrèsé. Ẹ̀kẹta wà tí àwọn ìwé ẹ̀kọ́ kì í kà mọ́ ọn, òun ló sì ń ba nǹkan jẹ́ jù. Ohùn dàrẹ́kítọ̀ ni, nígbà tó bá ń sọ pé, “Ẹ máa bá a lọ, ẹdítọ̀ á yọ ọ́.”

Bí ó ṣe ń lọ kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti wo fíìmù Yorùbá dáadáa. Ọba jókòó lórí ìtẹ́, ó dé adé, ó mú ìrùkẹ̀rẹ̀ dání. Ìtàn náà ṣẹlẹ̀ kí òyìnbó tó dé, nítorí náà wọ́n ti bọ́ aago lọ́wọ́ gbogbo ìjòyè, wọ́n ti fi aṣọ òkè bo ojú iná ara ògiri, wọ́n sì ti bẹ olorì títí tó fi yọ èékánná àtọwọ́dá. Ohun tí ojú ń rí mọ́ tónítóní. Kábíyèsí wá la ẹnu, ó ní kí wọ́n lọ mú ọ̀dàlẹ̀ náà wá. Lẹ́yìn ògiri, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo àdúgbò ń pè ní “I better pass my neighbour” dá a lóhùn. Láti ìgbà náà, òun àti ọba ni wọ́n jọ ń ṣèjọba. Bí kábíyèsí bá dákẹ́ láti ronú, jẹnẹrétọ̀ á máa bá ìjọba lọ.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn àgbà fi kìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ láìronú, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó bá ti kúrò lẹ́nu kò ṣeé kó padà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ò ní laptop. Àwọn tó ń ya fíìmù lóde òní ti bá wọn tún òwe náà ṣe: ẹyin lohùn, ẹ jẹ́ kó balẹ̀ ná, ọmọkùnrin kan wà nítòsí ọ̀nà Ọba Adésidà ní Àkúrẹ́ tó mọ̀ ọ́n lẹ̀. Òun ló máa ṣa èèpo nínú iyanrìn, òun ló máa ti pupa padà sáàárín funfun, òun náà ló máa lẹ̀ ẹ́ pọ̀ kí ó tó di ọjọ́ Sátidé, tí ojú àpá kankan ò sì gbọdọ̀ hàn. Owó tí wọ́n máa san fún un lè má tó owó epo tí jẹnẹrétọ̀ mu nígbà tó ń fọ́ ẹyin náà. Bẹ́ẹ̀ láti oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kò sí ẹni tí kì í kígbe bẹntiróòlù láàárín wọn.

Ọgbọ́n tí kọ̀ǹpútà ń lò láti yọ ariwo kò ṣòro í ṣàlàyé. Ní ọdún 1979, Steven Boll ní Amẹ́ríkà kọ ọ̀nà kan sílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ṣì dúró lé títí dòní: kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ gbọ́ ariwo nìkan, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti sọ̀rọ̀, kí ó mọ bí ariwo náà ṣe lágbára tó láti ìró tó nípọn dé èyí tó tín-ín-rín, kí ó wá yọ iye yẹn kúrò nínú gbogbo ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ti Audacity náà jọ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1999 ni Dominic Mazzoni àti Roger Dannenberg bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì fi sílẹ̀ fún aráyé, ìdí nìyẹn tó fi wà lórí laptop tí bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ẹni tó ń lò ó á fi máòsì sàmì sí ibi tí ariwo nìkan ti ń dún, á ní kí ẹ̀rọ kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà á sàmì sí gbogbo rẹ̀, á pàṣẹ pé kí ó yọ ọ́. Adobe Audition àti iZotope RX, tí owó wọn ń dunni, já fáfá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ àwọn náà máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí wọ́n bá rí ariwo tó dá dúró gbọ́.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀rín. Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan tí gbogbo èèyàn fi dákẹ́ ni irinṣẹ́ náà ń wá, kò sì sí i. Kí dàrẹ́kítọ̀ tó pe “action” tán, òṣèré ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó pe “cut” tán, ìjòyè ti bú sẹ́rìn-ín, ẹnìkan ti ń béèrè oúnjẹ, ọba ti ń pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Ariwo kún kámẹ́rà dẹ́nu, ṣùgbọ́n èyí tó dá wà, tó ṣeé fi kọ́ ẹ̀rọ, kò sí níbẹ̀. Ẹgbẹ́ eléré lè fi gbogbo ọjọ́ pariwo kí wọ́n má sì ní ariwo tó wúlò kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ ẹnu fúnra rẹ̀ sì ní ariwo nínú. Ìró s àti ṣ kì í ṣe orin. Atẹ́gùn ni, tó ń fún ara rẹ̀ gba àlàfo tóóró tó wà láàárín ahọ́n àti àjà ẹnu, lẹ́yìn eyín, agbára rẹ̀ sì wà lókè, láti nǹkan bíi 3,000 Hz lọ (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni Hz), níbi tí òjò orí páànù àti atẹ́gùn fáànù náà ti ń dún. Ẹ̀rọ ò gbọ́ Yorùbá. Bí wọ́n bá ní kó yọ gbogbo ohun tó ń dún ṣíì, á yọ ti fáànù, á sì yọ ti ọba mọ́ ọn. Nígbà tí kábíyèsí wá pàṣẹ pé kí wọ́n ṣá ọ̀dàlẹ̀ náà, kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá wọ́n ní kí wọ́n ṣá a ni tàbí kí ó sá. Àkọlé Gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀ ló wá ń sọ fún ọmọ Yorùbá ohun tí ọba Yorùbá wí.

Ẹdítọ̀ tó mọṣẹ́ kì í yọ ariwo tán. Ó ń dín in kù ni, dẹ̀síbẹ̀lì 6 lórí òṣùwọ̀n agbára ìró, bóyá 12 bó bá le, títí etí á fi gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni owó jókòó sẹ́yìn rẹ̀: “Mo ṣì ń gbọ́ ọ. Fi kún un.” Ó fi kún un. Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í dún wìnrìnwìnrìn. “Ó kù díẹ̀.” Ó tún fi kún un. Wọ́n wá dé ibi tí ariwo ti dákẹ́ pátá láàárín gbólóhùn kan sí èkejì, àmọ́ tó ń padà dé wéré bí òṣèré bá ti la ẹnu, tó sì ń lọ bó bá ti pa ẹnu dé, tí olùwòran fi lè búra pé inú ọ̀fun kábíyèsí gan-an ni wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ náà sí. Inú ẹni tó ni owó wá dùn.

Ariwo wáyà iná ló rọrùn jù láti mú. Iná Nàìjíríà ń yí ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà wáyà tí kò dára á máa kùn ní 50 Hz, àti ní 100, àti ní 150. Ẹdítọ̀ á gé ibẹ̀ tín-ín-rín, ọ̀rọ̀ ò sì ní fara pa púpọ̀. Ìyẹn bí iná bá wà. Ẹ́ńjìnnì irú jẹnẹrétọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ yẹ kó máa yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan kí iná rẹ̀ tó lè jẹ́ 50 Hz, ṣùgbọ́n kì í dúró sójú kan. Bí ẹnìkan bá tan gílóòbù kan sí i, ó wúwo. Bí wọ́n bá pa á, ó sáré. Ariwo tí ẹ̀rọ kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìran kì í ṣe èyí tó wà ní ìparí rẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 2022, Adobe gbé irinṣẹ́ kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fi ọgbọ́n àtọwọ́dá tún ọ̀rọ̀ ṣe, àwọn mìíràn sì wà tó jọ ọ́. Àwọn yìí kì í yọ ariwo lásán. Wọ́n ń tún ohùn mọ ni, nípa wíwo bí ohùn tó mọ́ ṣe yẹ kó rí. Ibi tí ariwo bá ti bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á méfò. Yorùbá kò sì pọ̀ lára ohùn tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi kọ́ṣẹ́, kí á má tíì dé orí ẹ̀ka èdè Oǹdó. Báyìí ni àgbà òṣèré kan ṣe lè sọ̀rọ̀ ní àgbàlá ilé kan ní Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́, kí ohùn rẹ̀ sì jáde bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ariwo ti lọ. Òun náà ti bá a lọ.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bú ẹdítọ̀. Ọmọ tó fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ lórí YouTube ni, tó háyà yàrá kan, tó jẹ́ pé òru ló ń ṣiṣẹ́ torí pé ẹ̀rọ ìlọta kì í sinmi lọ́sàn-án. Bí iná bá lọ, òun náà á tan jẹnẹrétọ̀. Á wá fi hẹ́dífóònù bo etí, á máa jó epo tirẹ̀ láti yọ ariwo jẹnẹrétọ̀ ẹlòmíràn, nígbà tí tirẹ̀ ń kùn lẹ́nu ọ̀nà débi pé kò mọ èyí tó ti yọ àti èyí tí kò tíì yọ. Bí wọ́n bá fi ìran yìí sínú fíìmù, àwọn èèyàn á ní àsọdùn ni.

Ohun tó ń dènà gbogbo èyí kò gbówó lórí. Bí máìkì bá sún mọ́ ẹnu dé ìdajì ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ohùn á fi nǹkan bíi dẹ̀síbẹ̀lì 6 lágbára sí i, ariwo ò sì ní pọ̀ sí i. Láti mítà 2 sí ìdajì mítà, 12 nìyẹn, láìtíì tan kọ̀ǹpútà. Máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ àyà wà lọ́jà. Abẹ́ agbádá ọba gba ogún irú rẹ̀. Yàrá tí ohùn ń ta padà lára ògiri rẹ̀ ń fẹ́ aṣọ tó nípọn tàbí tìmùtìmù tí wọ́n gbé dúró, torí pé ohùn tó bá ti ta padà ṣòro í yọ ju ariwo lọ. Jẹnẹrétọ̀ ní wáyà, ó lè dé ẹ̀yìn ilé kejì. Ó sì ní bọ́tìnì. Ẹni tó lè ra sọ́fítíwíà olówó gọbọi ò lè rán ọmọdé kan kó lọ pa jẹnẹrétọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, torí pé fóònù àgbà òṣèré wà lórí ṣájì, kò sì tíì kún.

Fíìmù ṣì ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Ìbàjẹ́ tó yẹ kó dunni, inú pálọ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Oǹdó, ìtàn ìlú sọ pé obìnrin ni ọba àkọ́kọ́ tó jẹ Òṣemàwé, Púpùpú lorúkọ rẹ̀, ìlú náà sì ní oyè Lọ́bùn, oyè obìnrin tó lọ́wọ́ nínú ìwúyè Òṣemàwé. Púpọ̀ nínú ohun tó yí irú oyè bẹ́ẹ̀ ká, ẹnu àwọn ìyá àgbà ló wà. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá bá ọ̀kan nínú wọn, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, nítorí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ. Á gbé fóònù lé apá àga, abẹ́ fáànù gan-an. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá la ẹnu, ó ń sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ sínú ìwé rí, ohùn rẹ̀ sì ti tín-ín-rín. Bọ́tìnì fáànù wà lára ògiri. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ò dìde, torí ó ti gbọ́ pé Audacity ń yọ fáànù. Ìwà ọ̀lẹ ni, kò sí orúkọ mìíràn tó tọ́ sí i. Lọ́jọ́ kan wọ́n á sin ìyá náà tìlù-tìfọn, ẹbí á ra aṣọ kan náà, àwòrán rẹ̀ á wà lára abọ́ ike tí wọ́n ń pín fún àlejò, ohun tó mọ̀ á sì wà lórí fóònù kan, á máa dún fùù.

Òṣèré tó bá wà láàyè ní ọ̀nà àbáyọ: kó padà wá, kó máa wo ẹnu ara rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní yàrá tó dákẹ́, kí wọ́n fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Ó ń gba àkókò, ó sì ń gba owó, pàápàá lọ́wọ́ òṣèré tó ti mọ̀ pé wọn ò lè rí i ṣe láìsí òun.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn ni títọ́jú ojúlówó, èyí tí ẹ̀rọ kò tíì fọwọ́ kàn, torí pé irinṣẹ́ ọ̀la lè ju ti òní lọ. Enrico Caruso, olórin ará Ítálì, kú ní 1921. Ní ọdún 1976, Thomas Stockham ní Amẹ́ríkà fi kọ̀ǹpútà tún ohùn rẹ̀ ṣe láti inú àwọn àwo tí wọ́n ti gbà nígbà tí wọn ò tíì máa lo máìkì oníná rárá, torí pé àwọn àwo náà ṣì wà nílẹ̀. Ní ti fíìmù tí wọ́n yà ní Àkúrẹ́ ní ọjọ́ Tuesday, ó ṣòro kí ojúlówó rẹ̀ rí òpin ọ̀sẹ̀. Káàdì mẹ́mórì kan ṣoṣo ni kámẹ́ràmán ní, ìgbéyàwó kan sì wà ní Alágbàkà ní Sátidé. Wọ́n ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.