Ta Ni Wọ́n Tà?

Láti ìparí oṣù Kẹta títí di ìparí oṣù Kẹsàn-án, ìyàwó mi ní Houston gbà pé òun ò lọ́kọ. Eré 162 ni ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ń gbá láàárín ìgbà yẹn, mi ò sì fẹ́ kí ìkankan nínú ti Astros, ẹgbẹ́ wa ní Houston, kọjá lẹ́yìn mi. Ẹni tó bá rò pé ara mi máa ń balẹ̀ tí eré bá parí ò tíì mọ irú àìsàn tó ń ṣe mí. Oṣù Kejìlá gan-an ló máa ń le. Ìgbà yẹn ni àwọn olówó ẹgbẹ́ ń ra agbábọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń tà á, tí wọ́n ń fi ẹnì kan gba ẹni mẹ́ta, àwa tí a ò ní kọ́bọ̀ níbẹ̀ á wá máa bá wọn ṣírò owó títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ní Disẹ́ńbà 2024, Àgbádárìgì ni àìsàn náà ká mi mọ́, nílé ẹ̀gbọ́n ìyá mi létí ọ̀sà. Àgbọn ni wọ́n ń tà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, Bàbá Alágbọn ni gbogbo àdúgbò sì ń pè wọ́n. Ní Houston, nẹ́tíwọ̀kì ló ń wá èèyàn kiri. Níbí, èmi ni mo gun orí àpótí lọ wá a láàárọ̀ Mọ́ńdè, nígbà tó sì máa mú, ará Bẹ̀nẹ̀ ló ń kí mi káàbọ̀ sí orílẹ̀-èdè wọn, torí Sẹ̀mẹ̀ ò jìnnà. Mo ṣáà rí ìròyìn kà.

Mo figbe ta. "Mílíọ̀nù 765!"

Bàbá Alágbọn gbé àdá sílẹ̀. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá. Juan Soto ni. Mets ti New York fẹ́ fún un ní mílíọ̀nù 765 dọ́là, fún ọdún 15."

"Kí ló ń ṣe fún wọn?"

"Igi ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù, sà."

Wọ́n wo igi gígùn tí wọ́n fi ń já àgbọn, wọ́n wò mí. "Igi wo?"

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ro mí. Mo ní ẹnì kan á dúró lórí òkìtì, á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fi kùmọ̀ pàdé rẹ̀, ẹni tó bá sì rí i gbá dáadáa lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ọ̀gá ni.

"Ẹ̀ẹ̀meje ló tàsé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bí ọmọ tó ń gun àgbọn fún mi bá tàsé lẹ́ẹ̀meje nínú mẹ́wàá, òkú ẹ̀ là bá ti sin."

Ohun kan ṣoṣo tó tètè yé wọn ni ọ̀rọ̀ ìlù. Lọ́dún 2017, àwọn Astros wa fi ẹ̀rọ ayàwòrán ń wo àmì ìka tí ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù ń ṣe sí ẹni tó fẹ́ jù ú. Wọ́n wá fi ẹnì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá ìdọ̀tí. Bí bọ́ọ̀lù tó máa tẹ̀ bá ń bọ̀, á lu àgbá gbì-gbì kí ẹni tó fẹ́ gbá a lè mọ̀. Bó bá dákẹ́, bọ́ọ̀lù tó ń sáré burúkú ló ń bọ̀ yẹn.

"Gángan nìyẹn!" Bàbá pàtẹ́wọ́. Mo ní wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 5 dọ́là lé ẹgbẹ́ náà ní Jánúárì 2020, wọ́n sì lé kóòṣì wọn. Bàbá ní àwọn ò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń náwó tó tó bẹ́ẹ̀ lórí alùlù tí ò mọ ìlù ú lù.

Ife ọdún 2017 ṣì wà lọ́wọ́ wa o. Ti 2022 ńkọ́? A ò lu nǹkan kan.

Ọmọ Bàbá tó ń ṣe Arsenal, tó ti ń retí ife líìgì láti 2004, ní kí n má fi wèrè tèmi kó bá bàbá òun.

Láàárọ̀ Sátidé, omi bọ́ lójú mi. "Bàbá, wọ́n ti ta Kyle Tucker, agbábọ́ọ̀lù wa! Chicago ni wọ́n tà á fún, ẹni mẹ́ta ni wọ́n fi gbà á."

"Ta ni wọ́n tà?" Ohùn wọn ti yí padà. "Ṣé wọ́n bi í?"

"Wọn kì í sábà bi wọ́n, sà."

Ọkọ̀ ojú omi kan ń gbé àwọn àlejò kọjá lọ sí Gberefu, lójú ọ̀nà tí wọ́n gbà kó àwọn ẹrú lọ sí òkun. Bàbá fi ẹnu àdá júwe wọn. "Rọra sọ̀rọ̀. A kì í pariwo nǹkan báyẹn létí omi yìí."

Ẹnu mi wọhò. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn ní Houston, kò wúwo lẹ́nu mi rí.

Mo wá sọ ti Curt Flood fún wọn, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Houston lọ́dún 1938. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Cardinals ti St. Louis fún sáà 12, kí wọ́n tó fi ṣe pààrọ̀ lọ sí Philadelphia ní 1969 láì bi í. Flood ní òun ò lọ. Nígbà tó ku ọ̀la Kérésìmesì, ó kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà eré náà pé òun kì í ṣe ẹrù tí wọ́n lè rà kí wọ́n sì tà bó ṣe wù wọ́n. Ó gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ó sì pàdánù ní 1972. Ọdún 1975 ni wọ́n tó tú okùn tó so agbábọ́ọ̀lù mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí àwọn méjì mìíràn, tí ẹni tí àdéhùn rẹ̀ bá tán fi lè lọ síbi tó wù ú. Ibẹ̀ ni mílíọ̀nù 765 ti wá. Flood ò jẹ níbẹ̀. Nígbà yẹn, ó ṣì ku ọdún kan kí Tucker pàápàá tó lè lọ síbi tó wù ú.

"Ọmọ Houston lo pè é? Ẹgbẹ́ yín ò mú un bọ̀ wálé?"

"Kò gbá fún wa rí, Bàbá."

Wọ́n la àgbọn kan, wọ́n gbé omi rẹ̀ fún mi, wọn ò sọ nǹkan kan mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi kanlẹ̀kùn. "Ọmọkùnrin yẹn ńkọ́? Wọ́n ní òtútù Chicago pọ̀. Ṣé wọ́n jẹ́ kó kí ìyá ẹ̀ kó tó lọ?"

Mo ní ó di Fẹ́búárì kí ẹgbẹ́ náà tó pàdé, Arizona ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ lọ, níbi tí oòrùn wà.

"Ó dáa nígbà yẹn," ni wọ́n wí, wọ́n sì mú igi wọn lọ sídìí àgbọn.